Àbàtà Ńlá Àríwá Skọ́tílándì àti Àwọn Ewéko Tí Ó Dì Í Mú

Bí a bá bi àwọn òǹkàwé wa léèrè irú ilẹ̀ tí ó yẹ kí ìjọba dáàbò bò, ẹlòmíràn yóò dárúkọ igbó kìjikìji, ẹlòmíràn òkè gíga, ẹlòmíràn odò tí ó kún fún ẹja. Ṣàṣà ni ẹni tí yóò dárúkọ àbàtà. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, àbàtà ni ibi tí ẹsẹ̀ ti ń rì, tí ẹ̀fọn ti ń jáde wá, tí a kò lè kọ́ ilé sí; ẹni tí ó ní àkùrọ̀ létí rẹ̀ nìkan ni ó ń yìn ín nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Síbẹ̀, ní oṣù Keje ọdún 2024, ní ìpàdé tí àjọ UNESCO ṣe ní New Delhi ní ilẹ̀ Íńdíà, a kọ orúkọ àbàtà kan sínú ìwé àwọn ohun ajogúnbá gbogbo ayé, ìwé kan náà tí a ti kọ Sukur sí ní ọdún 1999 àti igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo sí ní ọdún 2005. Flow Country ni wọ́n ń pè é. Ó wà ní ìpẹ̀kun àríwá ilẹ̀ Skọ́tílándì, ní agbègbè Caithness àti Sutherland. Òun ni ibi àkọ́kọ́ tí ó wọ inú ìwé náà nítorí àbàtà rẹ̀ gan-an.

Ilẹ̀ náà tẹ́ lọ salalu. Ó tó nǹkan bí 4,000 kìlómítà onígun mẹ́rin. Gbogbo Ìpínlẹ̀ Èkó kò fẹ̀ tó o. Òjò a máa rọ̀ níbẹ̀ ní púpọ̀ ọjọ́ inú ọdún, òtútù a sì máa mú, ilẹ̀ kò sì ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ púpọ̀ tí omi ì bá fi máa ṣàn lọ kíákíá. Ní ọ̀dọ̀ wa, ewé tí ó bá já bọ́ sílẹ̀ kì í pẹ́ tí ikán, ekòló àti ooru yóò fi sọ ọ́ di erùpẹ̀. Níbẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Omi sé afẹ́fẹ́ mọ́ òkú ewéko, òtútù sì fa ìjẹrà sẹ́yìn. Èyí tí ó kú ní ọdún yìí a sùn lórí èyí tí ó kú ní èṣí, gbogbo rẹ̀ a sì di ohun dúdú rírọ̀ tí wọ́n ń pè ní píìtì. Bí a bá dá a lójú méjèèjì, kì í fi ju nǹkan bí mílímítà kan ga sí i lọ ní ọdún kan. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: kí píìtì tó ga tó mítà kan, ẹgbẹ̀rún ọdún ti lọ. Àwọn ibì kan sì wà nínú Flow Country tí píìtì ibẹ̀ jìn ju mítà márùn-ún lọ, nítorí pé ó ti ń gbára jọ láti nǹkan bí 9,000 ọdún sẹ́yìn, lẹ́yìn tí yìnyín ńlá tí ó bo ilẹ̀ náà ti yọ́ tán.

Àwọn ará ibẹ̀ ti fi píìtì dáná láti ìran dé ìran. Wọn a gé e ní ègé-ègé bí ẹni gé búrẹ́dì, wọn a sá a sí afẹ́fẹ́, wọn a sì tò ó jọ sí ẹ̀gbẹ́ ilé de ìgbà òtútù, gẹ́gẹ́ bí àwọn ìyá wa ti ń to igi ìdáná. (Àwọn tí ń pọn ọtí níbẹ̀ pẹ̀lú ń lo èéfín rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé ìròyìn yìí.) Ohun tí ó ń jó nínú rẹ̀ náà ni ó ń jó nínú igi àti nínú èédú: àwọn onímọ̀ ń pè é ní kábọ́ọ̀nù. Nǹkan bí 400 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù rẹ̀ ni wọ́n ṣírò pé ó wà nínú àbàtà yìí nìkan. Ilẹ̀ píìtì kò ju ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ ayé lọ, ṣùgbọ́n kábọ́ọ̀nù inú rẹ̀ ju ti gbogbo igi inú igbó ayé lápapọ̀ lọ. Níwọ̀n ìgbà tí omi bá wà lórí rẹ̀, ó wà ní àhámọ́. Bí omi bá fà, afẹ́fẹ́ a wọlé, ìjẹrà a bẹ̀rẹ̀, kábọ́ọ̀nù náà a sì gòkè lọ fi kún ooru ayé, tí ẹni tí kò mọ ọ̀nà Skọ́tílándì rárá yóò fi pín nínú rẹ̀.

Ta ni ó wá mú omi náà dúró? Ewéko kan ni, tí kò ga ju ìka ọwọ́ lọ. Sphagnum ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé àwọn onímọ̀ ewéko. Ó jẹ́ ìbátan ewéko kéékèèké aláwọ̀ ewé tí a máa ń rí lára ògiri ògbólógbòó àti létí kànga ní àkókò òjò. A kà nípa Sólómọ́nì ọba pé ìmọ̀ rẹ̀ kò pin sórí igi ńláńlá, ó dé orí ohun tí ń hù lára ògiri pẹ̀lú. Ó dá wa lójú pé òun ì bá fi eléyìí kún ẹ̀kọ́ rẹ̀. Sphagnum kò ní gbòǹgbò. Orí rẹ̀ ń dàgbà sókè bí ìdí rẹ̀ ti ń kú sísàlẹ̀. Ara rẹ̀ kún fún àwọn ihò wíwẹ́ tí ojú kò lè rí, omi a sì kún inú wọn, tó bẹ́ẹ̀ tí ewéko gbígbẹ tí ó wọn kìlógírámù kan lè gba omi tí ó tó ogún kìlógírámù. Ó tún ń sọ omi tí ó yí i ká di kíkan, bí omi ògì tí ó ti pẹ́ nínú ìkòkò. Nínú irú omi bẹ́ẹ̀ àwọn kòkòrò tí ń mú nǹkan jẹrà kò lè gbèrú.

Nítorí ìwà méjì yìí ni ó fi di oògùn ní ìgbà Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní. Òwú tí wọ́n fi ń di ojú ọgbẹ́ wọ́n púpọ̀. Ní ọdún 1914, Charles Cathcart, oníṣẹ́ abẹ ní Edinburgh, àti Isaac Bayley Balfour, onímọ̀ ewéko, rọ àwọn ènìyàn láti máa kó Sphagnum jọ fún àwọn tí ó fara gbọgbẹ́. Àwọn obìnrin àti àwọn ọmọdé jáde lọ sínú àbàtà, wọ́n ń tu ú, wọ́n ń ṣa ìdọ̀tí kúrò nínú rẹ̀, wọ́n ń sá a, wọ́n sì ń rán an sínú àpò aṣọ pẹlẹbẹ tí a fi ń ránṣẹ́ sí ojú ogun. Ó ń fa ẹ̀jẹ̀ àti ọyún ju òwú lọ, ọgbẹ́ kì í sì í tètè kẹ̀ lábẹ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kì í dá gbé. Nítorí pé omi òjò lásán ni àbàtà yìí ń mu, tí omi odò kò sì gbé ọ̀rá ilẹ̀ wá fún un, ebi ń pa ewéko tí ó bá hù níbẹ̀, olúkúlùkù a sì wá ọgbọ́n tirẹ̀. Ọ̀kan wà tí ewé rẹ̀ ní irun pupa, tí oje tí ń dán bí ìrì wà lórí irun kọ̀ọ̀kan. Kòkòrò tí ó bá bà lé e a lẹ̀ mọ́ ọn, ewé náà a ká lé e lórí, a sì jẹ ẹ́. Sundew ni orúkọ rẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, àti nípa rẹ̀ ni Charles Darwin kọ apá tí ó pọ̀ jù lọ nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1875 lórí ewéko tí ń jẹ kòkòrò. Òmíràn, butterwort, tẹ́ ewé rẹ̀ sílẹ̀ bí àwo, ọ̀rá sì wà lórí àwo náà tí kòkòrò kò fi lè dìde mọ́. Bogbean a máa na ewé mẹ́ta-mẹ́ta jáde nínú omi adágún dúdú. Cottongrass, tí í ṣe irú koríko kan, a máa so ìdì funfun gẹ́gẹ́ bí òwú, tí gbogbo pápá a fi funfun nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe ronú àtiran òwú rẹ̀, nítorí a máa já lọ́wọ́ ni. Láàárín wọn ni igi kan wà tí àwọn ìbátan rẹ̀ ga ju ilé lọ níbòmíràn, ṣùgbọ́n níhìn-ín ó rápálá nílẹ̀ tí ọmọdé lè fi ẹsẹ̀ dá a kọjá.

Ibi tí a fẹ́ kí òǹkàwé wa dúró sí díẹ̀ nìyí. Ẹni tí ó bá ka irú ewéko tí ó wà ní ibì kan ṣoṣo nínú àbàtà yìí, tí ó fẹ̀ bí ẹní méjì, yóò rí i pé wọn kò pọ̀. Igbó kékeré kan ní ẹ̀yìn ilé wa lè jù ú lọ. Nígbà tí ó bá rìn lọ síwájú ni yóò yé e. Irú Sphagnum kan ń gbé inú omi adágún gan-an. Òmíràn kò kúrò létí omi. Òmíràn a mọ òkìtì pupa tàbí ti àwọ̀ ilẹ̀, kí ó lè jókòó sókè. Bí omi bá lọ sílẹ̀ ní ìwọ̀n ìbú àtẹ́lẹwọ́, àwọn kan yóò kúrò, àwọn mìíràn yóò gba ipò wọn. Apá ìwọ̀-oòrùn tí ó sún mọ́ òkun, tí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ rọ̀ fún ọ̀rinrin, ní àwọn ewéko tí apá ìlà-oòrùn kò ní. Nítorí náà ọrọ̀ ilẹ̀ yìí wà nínú bí ibì kan ti yàtọ̀ sí èkejì. Ẹni tí ó bá fẹ́ pa á mọ́ kò lè mú ibi tí ó dára jù lọ kan ṣoṣo, kí ó sọ ọgbà yí i ká, kí ó sì wí pé òun ti ṣe tán. Ó ní láti mọ gbogbo agbègbè náà ká, kí ó sì gbé ètò rẹ̀ lé gbogbo rẹ̀ lórí.

Àwọn baba wa ní òwe kan: àbàtà takété bí ẹni pé kò bá odò tan. Ẹni tí kò tan mọ́ nǹkan ni wọ́n fi ń bá wí, ṣùgbọ́n nínú ọ̀ràn yìí òwe náà jẹ́ òtítọ́ gidi. Kòtò tí a bá gbẹ́ sí orí ilẹ̀ ẹnìkan ń fa omi kúrò lórí ilẹ̀ aládùúgbò rẹ̀, bí aládùúgbò náà tilẹ̀ ní ìwé ààbò ìjọba lọ́wọ́.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ìjọba Bìrìtìkó fúnra rẹ̀ ń san owó fún àwọn onílẹ̀ láti gbẹ́ kòtò sí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí koríko lè dára fún àgùntàn. Èrè rẹ̀ kò tó nǹkan. Ohun tí ó burú ju ìyẹn lọ dé ní àwọn ọdún 1970 sí 1980. Owó orí ni ó fà á. Ẹni tí ó lówó púpọ̀ ní ìgbà náà ń san ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lórí apá òkè owó tí ó ń wọlé fún un. Bí ó bá ra ilẹ̀ tí ó sì gbin igi gẹdú sí i, òfin gbà á láàyè láti yọ ìnáwó náà kúrò nínú owó tí a ó bu owó orí lé. Ìjọba tún ń fún un ní ẹ̀bùn owó fún gbígbìn. Nínú pọ́n-ùn kọ̀ọ̀kan tí ó ná, àpò ìlú ni ó ru èyí tí ó pọ̀ jù. Ilẹ̀ wo ni ó sì pọ̀n ju àbàtà lọ? Àwọn ọlọ́rọ̀ ìlú ńlá, tí àwọn olókìkí eléré wà nínú wọn, ra ilẹ̀ tí púpọ̀ nínú wọn kò fi ẹsẹ̀ tẹ̀ rí. Ẹ̀rọ ìtúlẹ̀ ńlá la píìtì ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, wọ́n gbẹ́ kòtò, wọ́n sì gbin igi Sitka spruce àti lodgepole pine, tí àwọn méjèèjì jẹ́ ọmọ ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà ti Àríwá. Igi ń mu omi, igi sì ń ṣíji bo Sphagnum tí ó ń wá oòrùn. Kò tilẹ̀ pẹ́ tí kòkòrò kan bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ewé àwọn pine náà, tí ó jẹ ẹ́ run ní àwọn ibì kan.

Láàárín àkókò yìí, àwọn òṣìṣẹ́ Nature Conservancy Council, àjọ ìjọba tí ń bójú tó ohun ẹ̀dá nígbà náà, ń rin àbàtà náà já, wọ́n ń wọn adágún, wọ́n ń ka ewéko, wọ́n sì ń pín ibì kọ̀ọ̀kan sí irú tirẹ̀. A bu ọlá fún iṣẹ́ náà, nítorí pé bí wọ́n ti ń kọ orúkọ ibì kan sílẹ̀ ni ẹ̀rọ ìtúlẹ̀ ń wọ ibòmíràn tí wọn kò tíì dé. Ní ọdún 1987 wọ́n tẹ ìwé jáde lórí ẹyẹ, àbàtà àti igbó gbígbìn. Ní ọdún 1988 wọ́n tẹ èkejì lórí gbogbo ilẹ̀ píìtì Caithness àti Sutherland. Wọ́n bẹ̀bẹ̀ pé kí a má ṣe gbin igi sí i mọ́. Ní oṣù Kẹta ọdún 1988, Nigel Lawson, tí í ṣe olórí ìṣúra ìjọba, fi òpin sí ojúrere owó orí náà, ìgbìnigi sì dúró bí ẹni tí ó rẹ̀. Nígbà náà a ti gbin igi sí tàbí a ti yan fún igi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́fà àbàtà náà.

A kò gbọdọ̀ fi ìyókù ìtàn náà pamọ́. Ìwé ti ọdún 1987 ni wọ́n gbé jáde ní Lọ́ńdọ̀nù, inú sì bí àwọn ará àríwá gidigidi. Àwọn ènìyàn Sutherland kò gbàgbé àfonífojì Strathnaver, níbi tí àwọn aṣojú onílẹ̀ ti lé àwọn baba ńlá wọn kúrò lórí oko ní ọdún 1814 àti 1819, kí àgùntàn lè rí ibi jẹ. Àgùntàn dé láti ọwọ́ àlejò. Igi dé láti ọwọ́ àlejò. Nísinsìnyí àlejò tún dé láti sọ fún wọn pé àbàtà ṣe iyebíye ju iṣẹ́ oòjọ́ tí igi náà fún àwọn ọmọ wọn lọ. Ó nira láti dá wọn lẹ́bi. Òfin tí a ṣe ní ọdún 1990 tú àjọ náà ká, ọ̀pọ̀lọpọ̀ sì gbà pé ìjà orí àbàtà yìí wà lára ohun tí ó fà á. Ní ti àwa, àjọ náà sọ òtítọ́ nípa ewéko, ṣùgbọ́n wọn kò kọ́kọ́ jókòó ti àwọn onílé. Àwọn tí ó gbé ẹ̀bẹ̀ lọ sí iwájú UNESCO lẹ́yìn náà ti rí i kọ́gbọ́n: wọ́n pe ìgbìmọ̀ agbègbè, àwọn onílẹ̀ àti àwọn ará abúlé sí ìpàdé fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó fa ààlà.

Ilẹ̀ Fíńlándì gba ọ̀nà mìíràn. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ilẹ̀ wọn ni ó jẹ́ àbàtà nígbà kan rí, wọ́n sì ti gbẹ́ kòtò sí èyí tí ó ju ìdajì rẹ̀ lọ nítorí igi gẹdú. Ní ọdún 1979 àti 1981 ìjọba wọn gbé ètò jáde fún gbogbo orílẹ̀-èdè, pé kí a pa àpẹẹrẹ irú àbàtà kọ̀ọ̀kan mọ́ ní agbègbè kọ̀ọ̀kan. Ètò rere ni, ṣùgbọ́n ní gúúsù ó bá ilẹ̀ tí a ti gbẹ tán. Èyí tí ó kù di erékùṣù kéékèèké láàárín kòtò. Nígbà tí wọ́n fẹ́ fi kún ètò náà, ìjọba yí ọkàn padà ní ọdún 2014, ó sì fi í sí ọwọ́ ìfẹ́ inú àwọn onílẹ̀.

Kí a padà sí Skọ́tílándì. Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí àbàtà bá gbẹ hàn gbangba ní oṣù Karùn-ún ọdún 2019, nígbà tí iná ńlá kan jó ní etí àríwá Sutherland fún ọjọ́ bíi mélòó kan, tí ó sì run ilẹ̀ tí ó ju 5,000 hẹ́kítà lọ. Ibi tí Sphagnum ti kún fún omi, iná náà ré kọjá lórí rẹ̀. Ibi tí kòtò ti fa omi rẹ̀ gbẹ, ó jó wọnú.

Àwọn ọmọ wa tí ń gbé ní Bìrìtìkó, tí wọ́n ń gbin tẹ̀tẹ̀ àti ata sínú ìkòkò létí fèrèsé, ní ohun tí ó kàn wọ́n nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ilẹ̀ dúdú inú àpò tí wọ́n ń rà ní ọjà àwọn ológbà lè ní píìtì tí a hó kúrò nínú àbàtà, tí púpọ̀ nínú rẹ̀ ń ti ilẹ̀ Áyálándì wá àti láti etí òkun Bálítíìkì. Ní ọdún 2022 ìjọba kéde pé títà rẹ̀ fún àwọn ológbà ilé ní Ẹńgílándì yóò dópin ní ọdún 2024. Ọdún náà kọjá láìsí òfin náà. Àpò tí kò ní píìtì nínú wà, a sì máa ń kọ “peat-free” sí ara rẹ̀. Ata a máa so nínú rẹ̀ dáradára.

Ní ti àtúnṣe, àjọ tí ń dáàbò bo ẹyẹ ní Bìrìtìkó, tí a mọ̀ sí RSPB, ra ilẹ̀ ní Forsinard ní ọdún 1995, ilẹ̀ náà sì ti ju 20,000 hẹ́kítà lọ báyìí. Ilé àlejò wọn wà nínú ibùdókọ̀ ojú irin kékeré kan tí kò jìnnà sí adágún dúdú. Wọ́n ń gé àwọn igi tí a fi owó ìlú gbìn, wọ́n sì ń fi owó ìlú àti ti ọlọ́rẹ gé wọn. Wọ́n ń dí kòtò pẹ̀lú píìtì fúnra rẹ̀ tàbí pẹ̀lú pátákó. Ìjọba pẹ̀lú ti kọ́ láti san owó fún dídí kòtò tí ó ti san owó fún gbígbẹ́ rẹ̀ rí. Ààlà ti UNESCO kó nǹkan bí 187,000 hẹ́kítà, ó sì fo àwọn ibi tí igi ti ba jẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ń fẹ́ gbé òpó ńlá tí ń fi ìjì ṣe iná mànàmáná kalẹ̀ ṣì ń béèrè ilẹ̀ ní eteetí rẹ̀, ọ̀ràn tí kò rọrùn, nítorí pé iná náà pẹ̀lú wà fún àtidín ooru ayé kù.

Sphagnum kọ́kọ́ ń padà sí inú kòtò tí a dí, nítorí ibẹ̀ ni omi wà. Lórí àwọn ebè tí ẹ̀rọ ìtúlẹ̀ fi sílẹ̀, ó ṣì gbẹ jù fún un lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ọmọ igi spruce sì ń hù níbẹ̀ tí a ní láti fi ọwọ́ tu. Nítorí náà ni àwọn òṣìṣẹ́ ṣe padà lọ sí àwọn ibì kan lẹ́ẹ̀kejì, tí wọ́n ń tẹ́ ebè náà pẹrẹsẹ pẹ̀lú ẹ̀rọ, kí omi lè dé ibi gbogbo ní ọgbọọgba.